Oníjẹ Ẹja Agbami ní Òkè-Àdó

Ní Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí ó jìnnà sí òkun ju 100 kìlómítà lọ, ọkùnrin kan wà tí ó ń fi ọwọ́ ṣe ìjẹ fún àwọn ẹja tí kò tíì fi ojú kàn láàyè rí. Kì í ṣe ìjẹ ẹ̀pìyà tàbí ti àrọ̀ ni mo ń sọ, èyí tí ekòló lásán lè yanjú. Ìjẹ máálìnì ni, ìjẹ túnà ńlá ni, ìjẹ àwọn ẹja agbami tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ìwọ̀ hán, alágbára ọkùnrin á wá ibi fẹ̀yìn tì. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ọ̀gá Fáíbà. Ọ̀gá ni èmi ń pè é. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé, láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ti wá gbà pé etí ni ó fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé ọwọ́ àti ojú nìkan ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ fáíbà ni ó kọ́: tánkì omi, bọ́ńpà ọkọ̀, àti àwọn ère tí àwọn onílé ńlá ń gbé sí ẹnu géètì. Oníbàárà kan tí ó máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ pẹja láti Èkó ni ó kọ́kọ́ gbé orí ìjẹ kan tí ó ti là wá bá a, pé bóyá ó lè bá òun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ṣeé lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kò ṣàjèjì sí òun, nítorí rẹ́sìn ni, ìyẹn oje tí ó máa ń le gbagidi bí wọ́n bá dà á tán, irú èyí tí ó wà nínú gálọ́ọ̀nù lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun gan-an. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú owó náírà sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, tí owó dọ́là sì fò sókè, ìjẹ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ti di ohun tí àwọn olówó pàápàá ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rà, iṣẹ́ Ọ̀gá sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí pé tirẹ̀ dínwó ni wọ́n ṣe ń wá a kiri. Ìdí mìíràn wà, màá dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ohun náà fún ẹni tí kò rí i rí. Orí rẹ̀ le, ó ń dán, ó sì mọ́ gaara débi pé ènìyàn á rí ohun tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀: ìkarahun tí ó ń kọ mànà, ẹ̀rúnrún dígí, tàbí bébà tí ó ń dán. Ojú méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Láti ẹ̀yìn orí yìí ni yẹ̀rì ti ń ṣàn sílẹ̀, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n là sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ihò kan la orí náà já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni okùn ń gbà kọjá lọ bá ìwọ̀ tí ó fara pamọ́ sábẹ́ yẹ̀rì. Wọn kì í jù ú sómi kí wọ́n sì jókòó máa wò ó. Ọkọ̀ ní í máa fà á, ọkọ̀ náà á sì máa sáré tó kìlómítà 13 sí 17 láàárín wákàtí kan, ìjẹ á máa tẹ̀ lé e nínú ìgbì tí ọkọ̀ dá sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí ó yọrí, kí ó gbé afẹ́fẹ́ mì, kí ó rì, kí ó sì máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ ní ìfófòó funfun gbọọrọ tí àwọn apẹja ń pè ní èéfín. Kò ní pẹ́, kí ó tún yọrí. Ìjẹ tí kò bá ń mí, kò ní pa ẹja.

Àwọn ará erékùṣù Hawaii ni wọ́n sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ó dà lónìí. Kí rẹ́sìn tó dé rárá ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbẹ́ ìkarahun tí ń dán, tí wọ́n ń so ìwọ̀ eegun mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fi mú ẹja láti inú ọkọ̀ wọn. Ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, atukọ̀ kan ní Kona tí ń jẹ́ Henry Chee bẹ̀rẹ̀ sí í da rẹ́sìn sínú ife láti fi ṣe orí ìjẹ, wọ́n sì ń gé rọ́bà inú táyà láti fi ṣe yẹ̀rì. George Parker, tí òun náà jẹ́ atukọ̀ ní Hawaii, mú máálìnì aláwọ̀ búlúù kan tí ó wọn 1,002 páùn ní 1954. Lẹ́yìn wọn ni irú àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ bíi Joe Yee dìde, tí orí ìjẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń rà tọ́jú sínú àpótí. Ohun kan ni mo máa ń rò bí mo bá ń ka ìtàn àwọn atukọ̀ àkọ́kọ́ yẹn: ẹni tí ó ń ṣe ìjẹ náà ni ó ń wa ọkọ̀ tí ó ń fà á. Ohun tí Chee bá dà lálẹ́, ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ṣe ń ṣe nínú omi nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀gá tèmi kò ní àǹfààní yẹn.

Ohun tí ó ní ni ọwọ́ tí ó mọ rẹ́sìn dunjú. Igi apá ni ó fi ń gbẹ́ àpẹẹrẹ orí kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ní igi náà le tó láti gba etí mímú, lẹ́yìn náà ni yóò fi rọ́bà sílíkóònù ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀. Kì í da orí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ni ó kọ́kọ́ ń dà, ìyẹn ọ̀pá kékeré kan tí yóò fáyùn-ún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí wọn yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó lè rí ibi lẹ ìkarahun àti ojú mọ́. Nígbà tí ìyẹn bá gbẹ, ó di inú mọ́ọ̀dù, ó di kí a da rẹ́sìn tí ó mọ́ gaara bò ó. Ibi yìí ni mo fẹ́ràn láti máa wò jù. Kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń po kátálíìsì, ìyẹn oògùn tí ń mú rẹ́sìn le, mọ́ ọn. Ìdá kan sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni kátálíìsì náà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn Ìbàdàn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: nínú oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí ooru bá mú, ó máa ń dín in kù, nítorí rẹ́sìn fúnra rẹ̀ ń gbóná bí ó ti ń le, bí ooru inú bá sì pàdé ooru òde, orí náà á sán pá. Ní ìgbà òjò, ara rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ pẹ́ títí. Jẹ́jẹ́ ni ó ń rò ó, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Bí ó bá ti dà á tán, á fi ìdí ṣíbí máa kan ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù náà, kó, kó, kó, á tẹjú mọ́ ọn, títí afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú rẹ̀ yóò fi gòkè wá bẹ́ lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni sáńpépà. Orí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń dára lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi nọ́ńbà 220 ha á, á ṣú pátápátá, kò sí ẹni tí kò ní rò pé ó ti bàjẹ́. Láti ibẹ̀ á bọ́ sí 400, á bọ́ sí 800, á bọ́ sí 1500, omi á máa kán sí i lórí ní gbogbo ìgbà kí ó má bàa gbóná, kí eruku rẹ̀ má sì fò. Ìgbà tí ó bá dé 2000, tí ó wá fi ìpara tí àwọn akunmọ́tò fi ń mú ara ọkọ̀ dán rà á lára, ìkarahun inú á yọ sí ọ lójijì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá máa ń rán mi létí pé dídán yìí kò kan ẹja tó bí ó ti kan ẹni tí ó ń rà á.

Ohun tí ó kan ẹja ni iwájú orí náà, ìyẹn ibi tí omi ti ń kọ́kọ́ lù ú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, oríṣiríṣi ni wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ. Èyí tí iwájú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ń lọ tààrà, ó sì lè gba eré ọkọ̀ tí ó yá gan-an. Èyí tí wọ́n gbẹ́ iwájú rẹ̀ kòtò máa ń ti omi síwájú, a sì máa fọ́n ọn ká. Òmíràn wà tí wọ́n lu ihò sí i lára kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá kí ó sì di èéfín. Èyí tí ó ṣòro jù lọ láti ṣe ni èyí tí wọ́n gé iwájú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà bá pọ̀, ìjẹ á máa jó, á máa ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá pọ̀ jù, á dojú dé. Bí ó bá kéré, á kàn máa lọ bí igi tí odò ń gbé. Ihò okùn kì í gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ láìnídìí, nítorí bí ó bá ti kúrò ní àárín díẹ̀, ìrìn ìjẹ á yí padà. Ọ̀gá a máa fi òjé díẹ̀ sí ikùn orí kí ó lè máa dúró ṣánṣán. Dùrọ́ọ̀mù omi kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó ń ju orí kọ̀ọ̀kan sí láti wo ẹ̀gbẹ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òjé náà jókòó síbi tí ó yẹ.

Dùrọ́ọ̀mù náà kò lè sọ ju ìyẹn lọ. Ó ti gbé àwọn kan lọ sí adágún Elẹ́yẹlé, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, apẹja ibẹ̀ sì wà á títí apá fi ń ro ó, ṣùgbọ́n eré tí àjẹ̀ lè sá kò tó ìdajì eré tí orí ìjẹ wọ̀nyí nílò kí wọ́n tó lè mí. Omi adágún pẹ̀lú kì í ru bí òkun. Ibi tí ojú Ọ̀gá ti pin nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni etí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Atukọ̀ kan wà ní Èkó, ọmọ Ìlàjẹ, tí ó ń wa ọkọ̀ fún àwọn tí ó máa ń lọ pẹja. Òun ni ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbàkígbà tí wọ́n bá ti agbami dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀kan wọlé, ariwo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí aláwọ̀ àlùkò tí ẹ kó wá yẹn, láàárọ̀ tí òkun rọ̀, ó dáa, ó ń mí, èéfín rẹ̀ ń gùn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe dìde báyìí, ṣe ló ń fò jáde, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á máa yí gbirigbiri. A yọ ọ́, a fi òmíràn sí i.” Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ. Kò gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní kí n bá òun dá sí i. Ó pe atukọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: ìhà wo lára ọkọ̀ ni wọ́n so ó sí? Ṣé èyí tí ó sún mọ́ ọkọ̀ ni àbí èyí tí ó jìnnà? Ibo ni okùn ti ń bọ̀, ṣé lókè fíofío ni, àbí ó sún mọ́ omi? Ìwọ̀ wo ni wọ́n fi sí i, báwo ni ó ṣe wúwo sí? Ìgbì ń bọ̀ láti iwájú ni, àbí láti ẹ̀yìn?

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Okùn ń bọ̀ láti òkè, ó ń gbé orí ìjẹ sókè. Ìwọ̀ tí wọ́n fi sí i fúyẹ́, kò lè mú ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀ sì pọ̀ fún òkun tí ó ń ru. Ó ní kí wọ́n rọ okùn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwọ̀ tí ó wúwo díẹ̀ sí i. Ní ti orí tí ó ń bọ̀, ó fáyùn-ún iwájú àpẹẹrẹ onígi náà kí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè dín kù, ó sì fi òjé kún ti ikùn. Ìdí tí mo sọ pé màá dé ni mo dé yìí. Ẹni tí ó ra ìjẹ láti ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun lè bínú sí i, ó lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù irin tí ó ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde kò ní yí padà nítorí ìgbì etíkun Èkó. Mọ́ọ̀dù Ọ̀gá ń yí padà. Orí tí atukọ̀ yẹn ní lọ́wọ́ báyìí, ohùn rẹ̀ wà nínú ìrísí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹnìkan fẹ́ àwọ̀ ewé àti òféèfèé, ẹlòmíràn fẹ́ búlúù àti funfun, olúkúlùkù ló sì ní ìtàn ẹja tí ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ti gbogbo wọn, ni pé ìrìn ṣáájú àwọ̀. Máálìnì kì í ṣe ẹja tí ojú rẹ̀ fọ́. Iṣan kan wà lẹ́bàá ojú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní yíyí ẹyinjú, tí ó di kí ó máa mú ojú àti ọpọlọ rẹ̀ gbóná, kí ó lè ríran dáadáa nígbà tí ó bá wọ ibi tí omi ti tutù. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni ó ti sábà ń wo ìjẹ, ojú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà òjìji àti ìrìn ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú Ọ̀gá nígbà tí ó ń da dúdú àti àlùkò fún òwúrọ̀ kùtù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò wu ojú ní orí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ni ó máa ń mú ohùn Ọ̀gá le. Àjọ IGFA, tí ó ti ń ṣe òfin ìpẹja àti àkọsílẹ̀ ẹja ńlá láti 1939, gbà kí ìwọ̀ tí ó wà lára irú ìjẹ báyìí tó méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ni Ọ̀gá ń fi sí tirẹ̀. Ìwọ̀ kan rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja, kì í sì í sábà gún un ní ojú tàbí ní ibi tí ó fi ń mí tí yóò fi kú lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a padà sómi. Ó dá mi lójú pé ọ̀nà rẹ̀ tọ́. Máálìnì aláwọ̀ búlúù tí ó tíì wúwo jù nínú àkọsílẹ̀ àjọ náà ní òkun Atlantic, èyí tí wọ́n mú ní Vitória ní Brazil ní 1992, wọn kìlógíráàmù 636, ìyẹn sì ju àpò sìmẹ́ńtì 12 lọ. Irú ẹja ńlá bẹ́ẹ̀, abo ni, nítorí akọ wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa á fún àwòrán orí ògiri ti pa ẹyin tí kò lóǹkà mọ́ ọn. Àjọ IUCN, tí ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá ní àgbáyé, ti ka ẹja yìí mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń lé bọ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń fi okùn gígùn pẹja fún títà ni wọ́n sì ń pa èyí tí ó pọ̀ jù, síbẹ̀ kò yẹ kí ẹni tí ó ń ṣeré fi tirẹ̀ kún un. Oníbàárà tí ó bá ní ìwọ̀ méjì ni òun fẹ́, Ọ̀gá á ta orí fún un láìfi ìwọ̀ sí i rárá.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni eré olówó Èkó kàn wá ní Ìbàdàn. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ni, ó sì gba ọgbọ́n, ìlú tí ó ní alágbẹ̀dẹ, alárọ àti agbẹ́gilére láti ayébáyé kò yẹ kí ó máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọgbọ́n ọwọ́ nítorí ẹni tí ó ń san owó rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ń kọ́ títú mọ́ọ̀dù, wọ́n ń kọ́ dídà, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ ṣe tánkì omi nítorí ibẹ̀ ni owó ojoojúmọ́ wà. N kò dá wọn lẹ́bi. Òórùn rẹ́sìn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú lásán, bẹ́ẹ̀ ni eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìbo imú.

Ọmọbìnrin kan ni ó ṣì dúró. Ó ní etí. Nígbà tí ohùn atukọ̀ bá wọlé, òun náà á fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti ń béèrè àwọn ìbéèrè kan tí Ọ̀gá kò tíì béèrè. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dábàá pé kí a ní ìwé kan, nítorí títí di ìgbà náà inú ọpọlọ Ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ wà. Orí ìjẹ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà báyìí. Lábẹ́ nọ́ńbà náà ni a ń kọ ìdagẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀, ibi tí ihò rẹ̀ wà, ìwọ̀n òjé rẹ̀, àwọ̀ yẹ̀rì rẹ̀, àti ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ láti Èkó, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. Èmi ni mo ń kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni ó ń kọ ọ́ báyìí, òun ni ó sì fi ilà kan kún un tí n kò rò tẹ́lẹ̀: bí òkun ṣe rí lọ́jọ́ náà. Atukọ̀ ti mọ̀ pé wọn yóò bi òun, nítorí náà ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn nínú ohùn tí ó bá fi ránṣẹ́, kí ó tó kí Ọ̀gá.